Ibi tí wọ́n sin ọba sí, ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́: àlàyé fún ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn ní Luxor

Ní Àfonífojì Àwọn Ọba tó wà ní Luxor, nílẹ̀ Íjíbítì, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà: afinimọ̀nà kì í bá èèyàn wọ inú ibojì. Ìta, lábẹ́ ibòji, ló ti máa ń ṣe gbogbo àlàyé rẹ̀. Tó bá parí, á jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin á wá máa sọ̀kalẹ̀ lọ fúnra yín. Nínú lọ́hùn-ún, ooru á mú yín, èrò á máa ti yín síwájú, ògiri àti àjà á sì kún fún ejò, ọkọ̀ ojú omi, èèyàn olórí ẹranko, àti àwọn mìíràn tí kò lórí rárá. Kò ní pẹ́, ẹ ti jáde sóòrùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti wọ ibojì mẹ́ta, ẹ ó ti rí tẹ́ńpìlì mélòó kan, ẹ ó sì ti gbọ́ orúkọ ọba tó pọ̀ débi pé èwo ni ti èwo ò ní yé yín mọ́.

Ní tèmi, ohun kan ṣoṣo ló ń fa ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ó sì ti mọ́ àwọn afinimọ̀nà lára débi pé wọn kì í rántí sọ ọ́. Àwọn ọba tí ẹ ń lọ wo iṣẹ́ wọn ní Luxor kì í jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn síbi tí wọ́n á ti máa bọ wọ́n. Inú òkè ni wọ́n ń gbé òkú sí, níbi tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀bá oko, lójú gbogbo ayé, ni wọ́n ń kọ́ tẹ́ńpìlì sí, kí àwọn àwòrò lè máa gbé oúnjẹ, ọtí àti tùràrí kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ lórúkọ ọba tó ti wàjà. Ọba kan, ilé méjì. Ilé kẹta tún wà, ìyẹn ilé òrìṣà fúnra rẹ̀, Karnak sì ni àgbà wọn. Níbikíbi tí bọ́ọ̀sì bá ti já yín sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí nìyí, ṣé ibi tí wọ́n ti ń bọ ọba tó kú ni, àbí ilé òrìṣà? Ẹni tó bá ti mọ èyí tó jẹ́, ohun tó wà lára ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pírámíìdì, torí àwọn kan máa ń dé Luxor tí wọ́n á máa wá a kiri. Kò sí pírámíìdì Fáráò kankan fún yín láti wò níbẹ̀. Giza, lẹ́bàá Cairo, ni ti ọba Khufu tó lókìkí jù wà, Luxor sì fi ohun tó lé ní kìlómítà 600 jìn sí Cairo lójú ọ̀nà, ní ìhà gúúsù. Ìgbà tí wọ́n kọ́ wọn pàápàá ò sún mọ́ra. Nǹkan bí ọdún 2560 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ ti Khufu, ó sì ju 1,000 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ibojì sínú Àfonífojì Àwọn Ọba. Nígbà tí Tutankhamun gorí ìtẹ́, ohun àtijọ́ ni pírámíìdì jẹ́ lójú òun náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi pa pírámíìdì tì? Olè wà lára ohun tó fà á. Pírámíìdì ṣe é rí láti ọ̀nà jíjìn, kò sì sí olè tí kò mọ̀ pé wúrà wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọba tó ti Waset jáde, ìyẹn Luxor àtijọ́ tí àwọn Gíríìkì pè ní Thebes, wá ya ibojì kúrò lára tẹ́ńpìlì. Ìjòyè kan wà tó ń jẹ́ Ineni, òun ló bójú tó gbígbẹ́ ibojì Thutmose Kìíní. Ó kọ ọ́ sára ògiri ibojì tiẹ̀ pé òun nìkan lòun dúró ti iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, tí ẹ bá dúró láàárín àfonífojì náà tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí orí òkè al-Qurn tó yọ ṣóńṣó sójú ọ̀run, tó sì jọ pírámíìdì gan-an. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìrísí òkè yẹn wà lára ohun tó fà wọ́n síbẹ̀.

Odò Náílì ló pín ìlú náà sí méjì. Ìlà-oòrùn ni Luxor òde òní wà pẹ̀lú Karnak àti tẹ́ńpìlì Luxor. Ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ni àwọn ibojì wà. Wọ́n sábà máa ń sọ pé ìlà-oòrùn jẹ́ ti alààyè, ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti òkú. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin, torí àwọn èèyàn gbé ní ìwọ̀-oòrùn náà: àwọn òṣìṣẹ́ ní abúlé níbẹ̀, Amenhotep Kẹta sì kọ́ ààfin sí i. Ìwọ̀-oòrùn ni ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, láàárọ̀ kùtù, nítorí oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí igi kan láàárín òkúta yẹn.

Ibojì tí wọ́n ti rí ní Àfonífojì Àwọn Ọba lé ní 60. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ti ọba, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń ṣí. Wọ́n máa ń ti òmíràn pa fúngbà díẹ̀ kó lè sinmi, nítorí èémí àti òógùn àlejò ń ba ọ̀dà ara ògiri jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán máa ń gbé èèyàn wọ ibojì mẹ́ta nínú àwọn tó ṣí. Tutankhamun, Seti Kìíní àti Ramesses Kẹfà ní owó tiwọn lọ́tọ̀. Orúkọ Ramesses yìí náà ń da èèyàn rú: ọba mọ́kànlá ló jẹ́ ẹ, kí ẹ má baà rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbẹ́ gbogbo ibojì yẹn. Ọba kọ̀ọ̀kan tún máa ń ní orúkọ méjì tí wọ́n fi okùn roboto gígùn yí ká lára ògiri, ọ̀kan jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, èkejì jẹ́ orúkọ oyè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí okùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọba kan náà ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí.

Ẹ wá wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìtàn ìgbésí ayé ọba kọ́ ló wà lára ògiri yẹn. Ẹ ò ní rí ogun tó jà níbẹ̀, ẹ ò ní rí ọdẹ tó ṣe. Ọ̀nà òru ni wọ́n yà síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé tí oòrùn bá wọ̀, Ra, òrìṣà oòrùn, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á sì gba abẹ́ ayé kọjá fún wákàtí 12. Olórí àgbò ni wọ́n máa ń yà á nínú ọkọ̀ náà. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó ní ewu tiẹ̀, ó sì ní orúkọ tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè kọjá. Láàárín òru, Ra á bá òkú Osiris, ọba àwọn òkú, pàdé, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan, ibẹ̀ ni Ra ti ń gba agbára tuntun. Ejò ńlá kan, Apep, máa ń dènà dè é ní gbogbo òru láti gbé oòrùn mì, wọ́n á sì dè é mọ́lẹ̀. Àwọn tí ẹ rí tí kò lórí, tí wọ́n dorí wọn kodò tàbí tí wọ́n dè lápá sẹ́yìn, ọ̀tá Ra ni wọ́n. Ní wákàtí kejìlá, oòrùn á yọ gẹ́gẹ́ bíi yímíyímí. Ìrètí ọba tó kú ni pé òun á wà nínú ọkọ̀ náà, kí òun náà lè yọ láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí yímíyímí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Íjíbítì: ara ìlú rí i tó ń yí ìmí tí ó rógódó, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń yí oòrùn lójú ọ̀run nìyẹn.

Bí ibojì Thutmose Kẹta bá ṣí lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ẹ gun àtẹ̀gùn irin gígùn tó lọ sí ẹnu rẹ̀ nínú pàlàpálá òkúta lókè. Yàrá òkú náà rí gbọọrọ, igun rẹ̀ sì yí, bíi okùn tí wọ́n fi yí orúkọ ọba ká. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ìwé papyrus tó ti gbó, wọ́n sì fi ìlà tín-ín-rín dúdú àti pupa ya èèyàn sí i, orí, ẹsẹ̀, ọwọ́, ó parí. Àwọn kan máa ń rò pé iṣẹ́ náà kò parí ni. Ó parí. Ìwé wákàtí 12 òru ni wọ́n ṣí sílẹ̀ yípo ògiri náà, kí ọba lè máa kà á láti inú pósí rẹ̀. Fún èmi, kò sí ibojì tó ṣàlàyé ara rẹ̀ tó ìyẹn.

Ti Ramesses Kẹfà ni ìdàkejì rẹ̀: àwọ̀ ibẹ̀ pọ̀, àwòrán rẹ̀ sì kún fọ́fọ́. Nínú yàrá òkú, ẹ gbójú sókè wo àjà. Obìnrin gígùn méjì ló nà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Nut, ìyá ojú ọ̀run, ni àwọn méjèèjì: ọ̀kan wà fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. Ó ń gbé oòrùn mì nírọ̀lẹ́, oòrùn á gba inú ara rẹ̀ kọjá, á sì bí i láàárọ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀nà bí ẹ bá ń jáde: àwọn àlejò Gíríìkì àti Róòmù kọ orúkọ wọn síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń wá.

Ní ibojì Ramesses Kẹta, ọ̀nà tó ń lọ tààrà á ṣàdédé yà sápá ọ̀tún. Kò ní ìtumọ̀ òrìṣà kankan. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ló gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi já sínú ibojì ẹlòmíràn, ti Amenmesse, tí wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá yà á kúrò.

Tutankhamun ni gbogbo ayé mọ̀, ibojì rẹ̀ ló sì ń já èèyàn kulẹ̀ jù tí wọn ò bá ti ṣàlàyé fún un. Yàrá kéékèèké mẹ́rin ni, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya àwòrán sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì tó ọmọ 20 ọdún ni, ó kú lójijì, kò sì sí àyè láti gbẹ́ ibojì tó yẹ ọba fún un. Ohun tó gba ibojì náà lọ́wọ́ olè ni pé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ti Ramesses Kẹfà lókè rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pa àgọ́ wọn sórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì di ohun ìgbàgbé. Ní November 4, ọdún 1922, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, kan àtẹ̀gùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n kó jáde ju 5,000 lọ, Cairo àti Giza ni wọ́n kó wọn lọ, kò sí wúrà náà níbẹ̀ mọ́, kódà wọ́n ti gbé pósí rẹ̀ kan tó kù síbẹ̀ lọ ní ọdún 2019. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nínú àpótí gíláàsì. Ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀ dúdú kékeré ló yọ jáde lábẹ́ aṣọ funfun.

Òkú àwọn ọba yòókù ńkọ́? Olè kó wọn lẹ́rù. Ní àsìkò Ramesses Kẹsàn-án, nǹkan bí ọdún 1110 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n gbẹ́jọ́ àwọn olè ibojì, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà sì wà títí dòní. Agbẹ́kùúta kan, Amenpanufer, jẹ́wọ́ pé àwọn fọ́ ibojì ọba kan, àwọn bọ́ wúrà ara rẹ̀, àwọn sì dáná sun pósí rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n mú òun, òun fún akọ̀wé ìjọba ní wúrà tó jẹ́ ìpín òun, ó sì fi òun sílẹ̀, lòun bá padà sídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn àwòrò kó òkú àwọn ọba jọ, wọ́n tún wọn dì, wọ́n sì kó wọn pa mọ́ pọ̀. Ọdún 1881 ni ìjọba tó mọ̀ nípa ibi ìpamọ́ kan nínú òkè nítòsí tẹ́ńpìlì Hatshepsut, lẹ́yìn tí ìdílé kan ládùúgbò ti ń ta ẹrù inú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ramesses Kejì àti Seti Kìíní wà lára àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Cairo ni ọ̀pọ̀ lára àwọn òkú ọba náà wà báyìí. Ní April 3, ọdún 2021, wọ́n fi ayẹyẹ ńlá kó 22 lára wọn gba àárín ìlú lọ sí musíọ́mù tuntun.

Ẹni tó bá ka Bíbélì ti mọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú yẹn. Jẹ́nẹ́sísì orí 50 sọ pé ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi kun Jékọ́bù lọ́ṣẹ, àwọn ará Íjíbítì sì fi àádọ́rin ọjọ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó bá ohun tí àwọn onímọ̀ rí mu dáadáa: ogójì ọjọ́ ni òkú máa ń wà nínú iyọ̀ kan tó jọ kán-ún, tó ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ, gbogbo ètò náà títí dé ìsìnkú sì sábà máa ń gba àádọ́rin ọjọ́.

Àwọn ìjòyè kò ní ilé méjì bíi ti ọba. Ní tiwọn, yàrá ìrúbọ wà lókè, òkú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibì kan náà ni. Nítorí pé àwọn ẹbí á máa wọ yàrá òkè náà, ohun ayé ni wọ́n yà síbẹ̀: ìkórè, àsè, ẹja pípa, àwọn tó ń fún èso àjàrà. Tí ẹ bá ti ń rí òṣìṣẹ́ àti agbẹ̀ lára ògiri, ẹ mọ̀ pé ibojì ọba kọ́ lẹ wà. Nínú ti Rekhmire, olórí ìjòyè Thutmose Kẹta, àwọn ẹrú tí wọ́n kó lógun ń po amọ̀, wọ́n ń mọ bíríkì fún tẹ́ńpìlì Amun, olórí òrìṣà wọn, ní Karnak. Ọ̀pọ̀ Kristẹni máa ń rántí ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì níbẹ̀. Kò sí ohun tó wà lára ògiri náà tó pe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ní ọmọ Ísírẹ́lì, àmọ́ irú iṣẹ́ tí ìwé Ẹ́kísódù ń sọ nìyẹn, tí ẹni tó fojú rí i yà á.

Ta ló wá gbẹ́ gbogbo ibojì ọba yìí? Abúlé wọn ṣì wà, Deir el-Medina lorúkọ rẹ̀ báyìí, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan kì í yà síbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé wọn ṣì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Agbẹ́kùúta, ayàwòrán àti akọ̀wé ló ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ̀sẹ̀ wọn, àlìkámà àti ọkà bálì ni owó iṣẹ́ wọn. Ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n ìjọba Ramesses Kẹta, oúnjẹ wọn ò dé lásìkò. Wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì ọba, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, ọjọ́ 18 ti lọ nínú oṣù. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ aráyé, ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìwé papyrus tí wọ́n kọ ọ́ sí wà ní ìlú Turin ní Ítálì. Wọ́n tún gbẹ́ ibojì tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ abúlé náà nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Nínú ti Sennedjem, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń tú ilẹ̀, wọ́n ń kórè ní ọ̀run, aṣọ funfun báláú sì wà lọ́rùn wọn. Ọ̀dà rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn á fẹ́ fọwọ́ kàn án bóyá ó ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku tẹ́ńpìlì Hatshepsut ní Deir el-Bahari, níbi tí ìbéèrè “ibojì rẹ̀ dà?” ti ń wáyé jù. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn òkè yẹn gan-an, nínú Àfonífojì Àwọn Ọba, ni wọ́n gbẹ́ ibojì rẹ̀ sí. Ibi tí ẹ dúró sí yìí ni wọ́n ti ń bọ ọ́, pẹ̀lú àwọn òrìṣà Amun, Hathor àti Anubis. Pẹpẹ ńlá mẹ́ta ló gun ara wọn, àtẹ̀gùn dídagẹ̀rẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Wọ́n kọjú rẹ̀ tààrà sí Karnak lódìkejì odò, wọn ò sì ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún àfonífojì, wọ́n máa ń gbé Amun nínú ọkọ̀ mímọ́ rẹ̀ láti Karnak, á sọdá odò wá kí àwọn ọba tó ti kú nínú tẹ́ńpìlì wọn, ará ìlú náà á sì lọ bá òkú wọn jẹun, mu ọtí nídìí ibojì. Ohun tó so gbogbo ibi tí ẹ ń rìn lọ́jọ́ yẹn pọ̀ nìyẹn.

Obìnrin ni Hatshepsut, ó jọba gẹ́gẹ́ bíi Fáráò fún nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n sì yà á pẹ̀lú irùngbọ̀n tí gbogbo Fáráò ń wọ̀. Lórí pẹpẹ kejì, lápá òsì bí ẹ bá kọjú sí òkè, ẹ wo ìrìn àjò tó rán àwọn èèyàn rẹ̀ sí ilẹ̀ Punt. Ilé orí òpó tí wọ́n ń fi àkàsọ̀ gùn wà níbẹ̀, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, àwọn ọkùnrin sì ń gbé igi òjíá tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ nínú agbọ̀n lọ gbìn. Láwọn ibòmíràn nínú tẹ́ńpìlì náà, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti họ ọba kan kúrò. Hatshepsut ni. Wọ́n họ ọ́ débi pé ìrísí rẹ̀ nìkan ló kù bí òjìji. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí Thutmose Kẹta, ọmọ ọkọ rẹ̀, tó pàṣẹ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé ìbínú ojú ẹsẹ̀ ló fà á, kò gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, lójú tiwọn, ẹbọ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ère gàgàrà méjì tó dá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Memnon, Amenhotep Kẹta ni. Wọ́n ga tó nǹkan bíi mítà 18. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́. Tẹ́ńpìlì tó tóbi jù ní ìwọ̀-oòrùn ló wà lẹ́yìn wọn, ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé sì ti wó o. Tí àyè bá wà, Medinet Habu ti Ramesses Kẹta ni kí ẹ fi kún un. Ó jẹ́ kí wọ́n fín orúkọ òun wọ òkúta jìn débi pé ọwọ́ èèyàn lè wọ inú rẹ̀, torí àwọn ọba máa ń gba iṣẹ́ ara wọn nípa fífín orúkọ tiwọn lé ti ẹlòmíràn.

Ní ìlà-oòrùn, ilé òrìṣà lẹ dé yìí. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wé Karnak, torí ará ìlú kì í péjọ síbẹ̀ gbàdúrà. Ilé Amun ni, bí ilé ṣe ń jẹ́ ilé: àwọn àwòrò ń ṣí ilẹ̀kùn fún un láàárọ̀, wọ́n ń fọ ère rẹ̀, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un. Àgbàlá iwájú ni àwọn èèyàn lásán ń dé nígbà ọdún. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé sí i, ilẹ̀ á máa ga díẹ̀díẹ̀, àjà á máa wálẹ̀, òkùnkùn á máa pọ̀ títí dé yàrá òrìṣà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé orí òkìtì ilẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ nínú omi ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni ilé òrìṣà wà. Gbọ̀ngàn olópòó, tó ní òpó 134, dúró fún ẹsẹ̀ odò tó kún fún koríko papyrus. Méjìlá tó wà láàárín ga tó nǹkan bíi mítà 21, òdòdó orí wọn ti là; òdòdó orí àwọn yòókù, tí wọn ò ga tó wọn, ṣì wà ní ìdì, nítorí pé àárín ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ tún yẹ àwọn òpó náà wò: àwọ̀ pupa àti búlúù ṣì wà níbi tí òjò àti oòrùn ò dé. Gbogbo ibẹ̀ ló ní ọ̀dà nígbà kan.

Ibì kan wà ní Karnak tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọjá láìwò. Tí ẹ bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ńlá àkọ́kọ́, ẹ yíjú padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn ògiri náà. Òkìtì bíríkì amọ̀ kan dagẹ̀rẹ̀ tì í. Wọn ò parí ẹnu ọ̀nà yẹn, òkìtì náà ni wọ́n ń gbà fa òkúta gòkè, wọn ò sì rí àyè kó o kúrò láti nǹkan bí ọdún 2,300 sẹ́yìn. Gbogbo ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe gbé òkúta ńlá sókè láìsí ẹ̀rọ, ìdáhùn kan ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Òpó olórí ṣóńṣó Hatshepsut náà wà nínú ọgbà kan náà: òkúta kan ṣoṣo ni, ó ga tó nǹkan bíi mítà 29. Aswan ni wọ́n ti gé e, odò ni wọ́n sì fi gbé e wá. Hatshepsut fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ìdí òpó náà pé oṣù méje ni wọ́n fi gé e.

Ọ̀nà tí wọ́n to ère kìnnìún olórí èèyàn sí lọ́tùn-ún lósì, tó gùn tó kìlómítà 2.7, ló so Karnak mọ́ tẹ́ńpìlì Luxor. November 2021 ni wọ́n tún un ṣí. Níbi ọdún Opet, wọ́n máa ń gbé Amun láti Karnak lọ sí Luxor láti sọ agbára ọba dọ̀tun. Òpó olórí ṣóńṣó kan ló kù níwájú tẹ́ńpìlì náà, èkejì rẹ̀ wà ní Paris láti ọdún 1836. Mọ́ṣáláṣí Abu Haggag wà nínú ọgbà náà, orí ògiri àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ títí dòní. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ wà lókè fíofío, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ga dé nígbà tí iyanrìn ṣì bo tẹ́ńpìlì.

Tí ẹ bá ń ṣètò ọjọ́ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mú yín lọ bóyá owó tí ẹ san kan tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ibojì tó ní owó ọ̀tọ̀, kí ẹ sì mú káàdì báńkì dání, torí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í gba owó ọwọ́ mọ́. Ẹ mú omi àti fìlà. Àwọn tó ń ṣọ́ ibojì lè na ọwọ́ sí nǹkan tí ẹ ti ń wò, kí wọ́n sì retí owó. Kò pọn dandan kí ẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì máa ń yà sí ilé ìtajà ère òkúta ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì máa ń lo àkókò níbẹ̀. Ẹ lè sọ fún afinimọ̀nà kí ẹ tó gbéra pé Deir el-Medina lẹ fẹ́ lo àkókò yẹn fún. Tẹ́ńpìlì Luxor máa ń ṣí wọ alẹ́, wọ́n sì máa ń tan iná sí i, nítorí náà òun ni kí ẹ fi sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tí ẹsẹ̀ yín sì ti sinmi.